Iṣẹ́ Ti Wọ Ọwọ́

Nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pa ẹ̀rọ tó fi ń gé òkúta, ẹ̀rọ dákẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò bá a dákẹ́. Ó ṣì ń gbọ̀n. Ó ń ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ ìka rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì rí i pé àwọn orí ìka kan ti ṣá, wọ́n funfun bí ẹni pé wọ́n fi eérú pa wọ́n. Ó ki ọ̀kan bọ ẹnu, ó fi eyín tẹ̀ ẹ́ láti dán an wò. Kò mọ nǹkan kan lára.

"Bàámi," ó pe bàbá rẹ̀ tó ń dán òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, "ìka mi ti kú."

Níbòmíì, ẹnì kan ì bá sáré wá omi gbígbóná. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ńṣe ni gbogbo wọn ju nǹkan ọwọ́ wọn sílẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Òkúta tí àwọn èèyàn fi ń ṣe ilẹ̀ ilé àti àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gé níbẹ̀, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ. Bí ìka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ bá kú sórí ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n á ní, "Iṣẹ́ ti wọ ọwọ́." Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, àlejò lásán ni onítọ̀hún. Ẹ má tíì bú wọn. Bí àwọn ọ̀gá wọn ṣe sọ ọ́ fún wọn nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ òmíràn fún wọn rí.

Ẹnudùn, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló pàtẹ́wọ́ jù. Ó ní kí gbogbo ayé wá wo ọmọ tó tín-ín-rín bí okùn bàtà, tí iṣẹ́ ti wọ ọwọ́ rẹ̀ kí èsì ìdánwò àṣejáde rẹ̀ tó dé. Inú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dùn dé eyín ẹ̀yìn. Ohun tó ń wá láti ọjọ́ tó ti wọ ṣọ́ọ̀bù náà nìyẹn. Kò sí ọmọbìnrin tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún rí níbẹ̀, ó sì ti búra fún ara rẹ̀ pé òun ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fi gbogbo agbára di ẹ̀rọ náà mú, bí ẹni tó ń di adìẹ mú kó má baà sá lọ.

Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó sì padà sídìí òkúta rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rò pé ìdùnnú ló pọ̀ jù tí kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Wọ́n ń pe àkọ́kọ́ ní Ìyá Àgbà. Ó ti gbó, ó wúwo, abẹ rẹ̀ ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, rọ́bà tó bo ìdìmú rẹ̀ nígbà kan ti bó tán. Ṣùgbọ́n ó ń gé òkúta kíákíá, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí wọ́n bá tan Ìyá Àgbà, eyín ẹni tó dì í mú á máa lu ara wọn. Wọ́n ń pe èkejì ní Ìyàwó. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ló rà á. Ara rẹ̀ ń dán, ìdìmú rẹ̀ rọ̀, kì í gbọ̀n púpọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ ọ̀lẹ ni, wọ́n sì gbé e kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì, kí àwọn oníbàárà lè máa rí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń kó abọ́ tó dára pamọ́ de àlejò. Láti ọjọ́ tí ìka Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti kú, wọ́n fà á lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì tó ń rí sí ààbò àwọn òṣìṣẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ pélébé kan dání, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdìmú ẹ̀rọ láti fi wọn bó ṣe ń gbọ̀n tó. Kó tó jókòó ni Ẹnudùn ti sọ ọ́ ní Àǹtí Òṣùwọ̀n.

Àǹtí Òṣùwọ̀n ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n kì í gbọ̀n fún ara rẹ̀ nìkan. Ó ní ìgbọ̀nrìrì náà máa ń gba àtẹ́lẹwọ́ wọ apá, á máa ba iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, á sì máa pa iṣan tí èèyàn fi ń mọ nǹkan lára. Ó ní tí wọ́n bá tètè mọ̀, ọwọ́ lè bọ̀ sípò. Tí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́, kò ní bọ̀ mọ́. Ó wá bi wọ́n bóyá ìka ẹnikẹ́ni máa ń kú tàbí kó funfun.

Kálukú ń wo ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnudùn ló dáhùn.

"Àǹtí, ẹsẹ̀ ló máa ń kú èmi o, tí wọ́n bá fẹ́ rán mi níṣẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ àpò.

Obìnrin náà ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò jù wá, pẹ̀lú òkúta tó le jù tí wọ́n ń gé. Ọ̀gá ń bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀ níwájú ìta, ó sì ké sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó jáde ilé ìwé láìpẹ́ pé kó ran àlejò lọ́wọ́. Ọmọ náà dìde. Ó mọ̀ dáadáa pé Ìyá Àgbà ni wọ́n ń béèrè. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé Ìyá Àgbà lọ, kí ló kù fún un? Ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí náà á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ojú àwọn yòókù, gbogbo wọn sì ń wò ó.

Ẹnudùn sún mọ́ ọn. "Àlejò ló dé," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Abọ́ àlejò la sì ń fún àlejò."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ ọ́fíìsì, ó gbé Ìyàwó lára ògiri, ó sì ṣa òkúta tó rọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe ń jáde bọ̀, bàbá rẹ̀ gbé orí sókè, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé.

"Ṣé èyí gan-an lẹ ń lò jù?" Àǹtí Òṣùwọ̀n béèrè.

"Òun ni, mà."

Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rọrùn lẹ́nu tó. Wọ́n so òṣùwọ̀n mọ́ Ìyàwó, ọmọ náà gé òkúta, iná ara òṣùwọ̀n náà sì dúró lórí àwọ̀ ewé títí ó fi gé e tán. Obìnrin náà ní ẹ̀rọ tó dára ni, pé èèyàn lè lò ó láti àárọ̀ dalẹ́, tó bá ṣáà ń sinmi láàárín. Ọ̀gá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà lásìkò yẹn, kò rí ẹ̀rọ náà. Ó gbọ́ "láti àárọ̀ dalẹ́," etí rẹ̀ kò sì gbọ́ ohun tó kù.

Ibi tí irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ nìyí. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń gba Ìyá Àgbà lọ́wọ́ ara wọn, kálukú á sì sinmi. Ní báyìí, iṣẹ́ àtẹ̀gùn ńlá kan wọlé, Ọ̀gá sì ní kí bàbá àti ọmọ mú òkúta rẹ̀ ní gígé, kí àwọn tó kù máa dán an. Bí ẹnì kan bá ráhùn, á ní wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n ní kò sí ewu. Òun kò mọ̀ pé Ìyàwó ni wọ́n wọ̀n. Gbogbo ọjọ́ ni bàbá àti ọmọ ń di Ìyá Àgbà mú, bó bá rẹ ọ̀kan, èkejì á gbà á. Nílé, ṣíbí bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Láàárọ̀, ó máa ń fi ọwọ́ sábẹ́ abíyá kí ìka tó lè jí.

Nǹkan kan wà nínú ilé wọn tó máa ń dùn mọ́ ọn. Láràárọ̀, bí bàbá rẹ̀ bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ìyá rẹ̀ ló máa ń bá a de bọ́tìnnì, láti ọrùn títí dé ìsàlẹ̀, láìsọ̀rọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Màámi, ẹ ti kẹ́ wọn bàjẹ́ o." Ní ìkọ̀kọ̀, ó máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún òun ní irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n wà ní ilé ìdáná. Omi ń hó nínú ìkòkò irin kan tí ike etí rẹ̀ ti yọ́ dànù, tó fi jẹ́ pé irin lásán ló kù. Àkísà ni wọ́n fi ń gbé e kúrò lórí iná. Ìyá yíjú láti wá àkísà náà. Bàbá kò dúró dè é. Ó na ọwọ́, ó gbé ìkòkò omi náà kúrò lórí iná, ó rọra gbé e lọ sórí tábìlì, ó sì ń ròyìn àtẹ̀gùn tí wọ́n ń ṣe fún wọn bó ṣe ń lọ. Ó ń da omi inú rẹ̀ sínú ife nígbà tó dá ọ̀rọ̀ dúró, tó fa imú.

"Kí ló ń jó?" ó béèrè. "Ẹ wò ó, ẹ lọ wo iná yẹn, nǹkan kan ń jó."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo iná, kò rí nǹkan kan. Ó wá wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. Awọ àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀ ló ń jó mọ́ etí ìkòkò, bàbá náà sì dúró síbẹ̀, ó ń wá ohun tó ń rùn.

Ìyá ló gbá ìkòkò náà dànù. Omi gbígbóná tú sílẹ̀, wọ́n fo sẹ́yìn, ó sì wọ́ ọkọ rẹ̀ lọ sídìí omi tútù. Ó da omi náà sí i lọ́wọ́ títí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ti ẹlòmíì.

"Bàámi," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, "ṣé kò dùn yín ni?"

"Ó yẹ kó dùn mí," bàbá rẹ̀ dáhùn. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó yẹ kó dùn mí."

Ìyá bá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ tó o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, o rò pé ìfẹ́ ni mo fi ń de bọ́tìnnì yẹn ni? Ó ti pẹ́ tí ìka bàbá ẹ ò ti mọ bọ́tìnnì yàtọ̀ sí ihò ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un pé iṣẹ́ ti wọ ọwọ́, mo gbé oúnjẹ lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi náà wà níbẹ̀. Èmi náà pàtẹ́wọ́."

Gbogbo ìfẹ́ tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń rí láràárọ̀ látìgbà tó ti gbọ́njú yí padà lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò mọ ìgbà tó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè sínú ìmọ́lẹ̀ gílóòbù. Ìyá rẹ̀ rí orí àwọn ìka náà, bí wọ́n ṣe ṣá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un nílé pé wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún ọmọ òun náà. Ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí.

"Bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ wà lọ́jà."

Ọmọ wá jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún wọn, bí òun ṣe gbé Ìyàwó fún obìnrin òṣùwọ̀n, tí òun sì ní ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ń lò jù. Bàbá ní òun rí i nígbà tó ń gbé e jáde.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀, Bàámi?"

"Ojú ló ń tì mí. Gbogbo wọn ń pè mí lọ́gàá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé mi ò lè de bọ́tìnnì?"

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ọ́fíìsì Àǹtí Òṣùwọ̀n ló gbà lọ. Ojú tì í dé ibi pé ó kọ́kọ́ kọjá ẹnu ọ̀nà náà bí ẹni tó ń lọ síbòmíì, kó tó yí padà. Ó jẹ́wọ́, ó sì sọ bí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ṣe jó. Ó rò pé obìnrin náà yóò jágbe mọ́ òun. Ohun tó bi í kò ju ẹyọ kan lọ, bí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ṣe wà. Lẹ́yìn náà ó gbé báàgì rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ lọ.

Inú bí Ọ̀gá gan-an. Ó ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti sọ òun di òpùrọ́ láìmọ̀, inú bíbí náà sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n so òṣùwọ̀n mọ́ Ìyá Àgbà, tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé e lé òkúta líle, ọ̀rọ̀ inú bíbí parí. Abẹ náà kò tíì wọ òkúta tán tí iná fi pọ́n. Àǹtí Òṣùwọ̀n ní kó dúró. Ó tú òṣùwọ̀n náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti bàjẹ́, ó tún un so. Iná tún pọ́n. Obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wọn ẹ̀rọ kiri fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀rọ yìí," ó ní, "kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dì í mú lójúmọ́ ju ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn fi ń fọ aṣọ kan lọ. Ẹ̀yin sì ń dì í mú láti àárọ̀ dalẹ́."

Ó wá ní kí wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n di ojú wọn, kí wọ́n la ọwọ́. Ó ní òun á fi nǹkan kékeré kan sí wọn lórí ìka, wọ́n á sì sọ ohun tó jẹ́. Ẹnudùn ló kọ́kọ́ jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn kò le. Ó fi ìka yí nǹkan náà síwá sẹ́yìn.

"Kọ́kọ́rọ́ ni."

Ó la ojú, ó rí bọ́tìnnì. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúró kí àwọn yòókù bá a rín in, wọn kò rín in. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe, ó sì tún ṣì í. Ó lọ jókòó sórí òkúta kan, láti ìgbà yẹn títí tí wọ́n fi ṣíwọ́, Ẹnudùn kò sọ̀rọ̀ kan. Èyí dẹ́rù ba àwọn èèyàn ju iná pupa náà lọ.

Ọjọ́ náà ni wọ́n gé wáyà Ìyá Àgbà. Wọ́n gbé Ìyàwó sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, Ọ̀gá sì wá irú rẹ̀ mìíràn kún un. Wọn kì í jẹ́ kí abẹ jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, bí òtútù bá sì mú, wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí ọwọ́ móoru. Àǹtí Òṣùwọ̀n kọ́ wọn láti rọra di ẹ̀rọ mú kí ẹ̀rọ máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ṣebí àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí. Iṣẹ́ àtẹ̀gùn náà falẹ̀, oníbàárà bínú, ó kó ìyókù lọ fún ẹlòmíì. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù kò kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáadáa fún ìgbà pípẹ́. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ di ẹ̀rọ mú mọ́ títí ìka rẹ̀ yóò fi bọ̀ sípò, ó sì ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n bọ̀ sípò nítorí pé kò tíì pẹ́. Ti bàbá rẹ̀ kò lè bọ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n lè ṣe fún un kò ju kó má burú sí i lọ. Ó fi gígé òkúta sílẹ̀, ó wá ń kọ́ àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń ṣa òkúta, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ń ya àmì ibi tí wọ́n máa gé.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọ tuntun kan tó dé láti kọ́ṣẹ́. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà níta. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó na ọwọ́ sókè pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ẹ wò ó, ìka mi ń kú. Iṣẹ́ ti wọ ọwọ́."

Ọwọ́ Ẹnudùn ti gbéra láti pàtẹ́ nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára. Ó dúró lójú afẹ́fẹ́, kò pàdé èkejì. Bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dìde, ó yọ wáyà ẹ̀rọ náà lára ògiri, ó sì bọ́ ìbọ̀wọ́ ọmọ náà fún un. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, èyí tó ní àpá àti èyí tí kò ní, bo ọwọ́ ọmọ náà, ó sì ń rọra rà á.

"Sọ fún mi tó bá ti móoru," ó ní. "Èmi ò lè mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, kì í ṣe gbogbo ohun tí èrò ń pàtẹ́wọ́ fún ló jẹ́ ògo. Iṣẹ́ wọ ọwọ́ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kòkòrò ṣe ń wọ ẹ̀wà ló wọ̀ ọ́. Ibi tó bá ń dùn yín, ẹ sọ ọ́ kó tó di pé kò dùn yín mọ́. Bí òṣùwọ̀n bá sì dé, ẹ má gbé abọ́ àlejò fún un, nítorí ẹni tó bá tan òṣùwọ̀n jẹ, ara rẹ̀ ló tàn.